Bí Ẹnu Bá Ṣì Lè Sọ̀rọ̀: Àlàyé lórí Ìgbáradì Ìgbà Òtútù Àwọn Eléré Triathlon

1. Ìfáárà

Ní ọdún kìíní tí mo lò ní Strasbourg, mo wọ ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe triathlon. Kò sí ẹni tí eré yìí jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nínú wa: olùkọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, èmi náà sì ń kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi lórí ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè Kétu. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ eré wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ó máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí di oṣù kẹta: « Doucement. » Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi Faransé kàwé. Síbẹ̀, ohun tí ọkùnrin yìí sọ kò yé mi.

Mo rò pé ó ní kí n má sáré tó bí mo ṣe ń sáré ní ọjọ́ ìdíje. Mo dín in kù díẹ̀, mo sì gbà pé mo ti gbọ́ràn. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ọ̀tún ti wú. N kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ láìdi ògiri mú. Ojú ni mo fi wo gbogbo ìdíje oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ọdún náà.

Iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé ohun tí àwọn eléré tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń ṣe láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, nígbà tí kò sí ìdíje, àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ohun kan ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ: púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìgbà òtútù gbọ́dọ̀ rọrùn, òṣùwọ̀n tí ó sì dára jù fún ìrọ̀rùn yìí wà lẹ́nu eléré fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni bí gbólóhùn rẹ̀ bá ń jáde lódidi tàbí bí ó bá ń já. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ohun èlò láti gbọ́ ìjá yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

2. Triathlon àti bí ọdún rẹ̀ ṣe pín

Triathlon jẹ́ ìdíje tí ènìyàn kan náà ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ sáré, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, láìjẹ́ pé aago dúró. Ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ni triathlon òde òní ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1974. Ní 1978, ènìyàn 15 bẹ̀rẹ̀ Ironman àkọ́kọ́ ní Hawaii, 12 nínú wọn sì parí rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé tètè gbà á: ìlú Nice bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1982, Avignon sì gba ìdíje àgbáyé lálejò ní 1989, ọdún kan náà tí wọ́n dá àjọ àgbáyé eré náà sílẹ̀. Ó wọ inú Òlíńpíìkì ní Sydney ní 2000. Gígùn rẹ̀ ní Òlíńpíìkì jẹ́ kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, àti 10 lórí ẹsẹ̀. Ti Ironman jẹ́ 3.8, 180 àti 42.2.

Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ìdíje ń wáyé láàárín oṣù karùn-ún àti oṣù kẹsàn-án. Omi ni ìdí pàtàkì. Òfin àjọ àgbáyé kò fàyè gba ìlúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò tó 12, odò àti adágún apá àríwá sì máa ń tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìmọ́lẹ̀ tún ni ìdí mìíràn. Ní Strasbourg, ní oṣù kejìlá, oòrùn ń yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, ó sì ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì yóò jáde nílé nínú òkùnkùn, yóò sì padà nínú òkùnkùn.

Lev Matveyev, onímọ̀ eré ìdárayá ní Soviet, ni iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 sọ pípín ọdún eléré sí ìpele di ohun tí ayé mọ̀. Ó ya ìpele ìgbáradì, ìpele ìdíje àti ìpele ìsinmi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà òtútù àwọn eléré triathlon kó ìpele ìsinmi àti púpọ̀ nínú ìpele ìgbáradì pọ̀. Ẹni tí ó dàgbà ní oko yóò lóye èyí kíákíá. Àgbẹ̀ kì í dúró de òjò kí ó tó ṣán igbó. Inú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí ohun tí a lè gbìn, ni ó ń tún ilẹ̀ ṣe, bí ó bá sì fi ẹ̀ẹ̀rùn sùn, òjò kò ní dúró dè é.

3. Ohun mẹ́rin tí wọ́n ń ṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdádúró, tí wọ́n ń pè ní « coupure ». Nígbà tí ìdíje ìkẹyìn bá parí, eléré yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sinmi. Ó lè rìn, ó lè bá àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò ní wo aago. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ohun tí àwọn fi oṣù mẹ́sàn-án kó jọ yóò dànù. Ìwádìí tí Edward Coyle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1984 fún wa ní ìwọ̀n ìbẹ̀rù yìí. Àwọn eléré tí wọ́n dá ìmárale dúró pátápátá pàdánù nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 agbára tí ara wọn fi ń lo ọ́síjìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 56, ó di ìdá 16 nínú 100. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò ba nǹkan púpọ̀ jẹ́, oṣù méjì ni ó yẹ ká bẹ̀rù.

Ohun kejì ni iṣẹ́ ìpìlẹ̀. « Endurance fondamentale » ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn eléré, « le foncier » ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ « foncier » ní Bẹ̀nẹ̀ yóò kọ́kọ́ ronú nípa ilẹ̀ àti ìwé ilẹ̀, kò sì ṣì í gbọ́ pátápátá: ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ tí gbogbo ìyókù dúró lé. « Ìpìlẹ̀ » tí a ń lò ní Yorùbá náà ní « ilẹ̀ » nínú. Iṣẹ́ yìí jẹ́ eré sísá àti kẹ̀kẹ́ gígùn tí ó gùn lákòókò ṣùgbọ́n tí ó rọrùn. Òun ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wákàtí ìgbà òtútù, òun náà sì ni a sábà máa ń ṣì ṣe.

Ohun kẹta ni fífún ara lókun: jíjókòó-dìde pẹ̀lú ẹrù léjìká, dídúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, dídi ikùn le. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Ohun kẹrin ni àtúnṣe ìlúwẹ̀ẹ́. Omi ki ju afẹ́fẹ́ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ kò nà gbọọrọ nínú omi ń fi agbára ṣòfò, bí ó ti wù kí ọkàn rẹ̀ lágbára tó. Ìgbà òtútù, tí kò sí ìdíje tí ń léni, ni ó dára jù láti padà sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kékeré, kí a tún kọ́ bí a ṣe ń gbé ọwọ́ wọ omi àti bí a ṣe ń yí orí láti mí.

4. Kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ rọrùn?

Ohun tí ó ṣòro jù láti mú eléré gbà nìyí. Ẹni tí ó ní wákàtí mẹ́fà péré lọ́sẹ̀ máa ń rò pé wákàtí tí kò bá dun òun ti ṣòfò.

Eré tí ó rọrùn tí ó sì pẹ́ ń ṣe iṣẹ́ tí ojú kò rí. Ọkàn ń kọ́ láti ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń pọ̀ sí i yí iṣan ẹran ara ká. Nínú iṣan náà, mitochondria, àwọn ohun tíntìntín tí ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára, ń pọ̀ sí i. Ní 1967, John Holloszy fi eku ṣe àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, ó sì fi hàn pé eré sísá lójoojúmọ́ ń sọ ohun tí ó wà nínú mitochondria iṣan wọn di púpọ̀. Ara tún ń kọ́ láti jó ọ̀rá, kí ó lè tọ́jú ṣúgà tí kò pọ̀ lára fún ìgbà tí eré bá le.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ara ni ó ń yára kọ́ bákan náà. Ọkàn àti èémí ń dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Egungun àti iṣan líle tí ó so ẹran mọ́ egungun ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Ní oṣù kìíní, èémí mi ti gba eré líle, gìgísẹ̀ mi kò sì tíì gbà á. Èémí ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ ti gìgísẹ̀ títí ó fi wú.

Stephen Seiler, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Norway, ti wo bí àwọn eléré ńlá ṣe ń pín iṣẹ́ wọn. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá jáde, nǹkan bí mẹ́jọ ni ó rọrùn. Èyí tí ó kù sì le gidi. Àwa tí a kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń ṣe òdìkejì. Eré wa tí ó yẹ kí ó rọrùn ń le díẹ̀ jù. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ tí ó yẹ kí ó le bá dé, ó ti rẹ̀ wá, a kò sì lè ṣe é bí ó ti yẹ. Gbogbo ọjọ́ wá di ọjọ́ kan náà.

Èyí kò sọ pé kí a pa iṣẹ́ líle tì. Àwọn ìwádìí Robert Hickson ní àwọn ọdún 1980 fi hàn pé ènìyàn lè dín iye ìgbà àti gígùn ìmárale kù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìpàdánù agbára tí ara fi ń lo ọ́síjìn, bí líle rẹ̀ kò bá ti dín kù. Iṣẹ́ líle kan lọ́sẹ̀, tí kò gùn, ń ṣọ́ ohun tí ó ti wà nílẹ̀, èyí tí ó rọrùn sì ń kọ́ ìpìlẹ̀ tuntun.

5. Ẹnu gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Báwo ni eléré ṣe máa mọ̀ pé eré òun rọrùn? Ọ̀rọ̀ « doucement » kò tó. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí « díẹ̀díẹ̀ », ó ń sọ nípa iye tàbí ìtẹ̀léra. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí « jẹ́jẹ́ » tàbí « pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ », ó ń sọ nípa ìwà. Kò sí èyí tí ó ní ààlà nínú. Jẹ́jẹ́ ẹni tí ó sáré kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú 35 lè pa ẹni tí ó sá a ní ìṣẹ́jú 55.

Aago tí ń ka lílù ọkàn wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ ọjọ́ orí wọn kúrò nínú 220 láti mọ ibi tí ọkàn wọn lè lù dé. Ìṣirò yìí lè fi ìlù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí òtítọ́ fún ẹnì kan. Àìsùn àti ooru náà ń yí i padà. Gunnar Borg, onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá ní Sweden, ṣe òṣùwọ̀n kan láti 6 dé 20, tí ẹni tí ń ṣe ìmárale fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe le tó lára rẹ̀. Nọ́ńbà náà wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àpèjúwe: ó fúyẹ́, ó le díẹ̀, ó le gan-an. Òṣùwọ̀n tí ó wúlò ni, ṣùgbọ́n wàhálà « doucement » ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni ó gbé e ró.

Òṣùwọ̀n kẹta kò nílò ọ̀rọ̀ àpèjúwe kankan. « Test de la parole » ni wọ́n ń pè é. Carl Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Wisconsin ní La Crosse ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò yóò máa sáré tàbí gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa fi kún líle rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, yóò ka ọ̀rọ̀ kan tí ó mọ̀ lórí sókè. Wọ́n ti lo ìbúra àsíá Amẹ́ríkà, tí ó ní ọ̀rọ̀ 31. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi í bóyá ó rọrùn fún un láti sọ̀rọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ohun tí ìwé Faransé ń pè ní SV1, ààlà èémí kìíní. Ní ìgbà tí ó bá ń ṣiyèméjì, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà náà. Nígbà tí ó bá sọ pé rárá, ó ti ń sún mọ́ SV2, ààlà kejì.

Kí ló fà á? Èémí tí ń jáde ni a fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́ láìsọ̀rọ̀, mímí sínú ń gba nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àkókò èémí kan. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ó ń dín kù sí nǹkan bí ìdá 10: a ń mí sínú kíákíá, a sì ń tú u jáde pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀ láti gbé gbólóhùn. Eré ìmárale sì ń béèrè òdìkejì èyí. Ní ìjókòó, nǹkan bí lítà 6 afẹ́fẹ́ ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, nínú eré líle, ó lè ju 100 lọ. Tí a bá ti kọjá ààlà kìíní, ásíìdì tí iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí CO2 tí ara gbọ́dọ̀ lé jáde pọ̀ sí i, ọpọlọ sì ń pàṣẹ kí èémí yára. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ní irú àsìkò yẹn ń fawọ́ èémí sẹ́yìn, CO2 ń pọ̀, ara sì ń kọ̀. Níbẹ̀ ni gbólóhùn ti ń já.

6. Ibi tí gbólóhùn Yorùbá ti ń já

Kí ìgbà òtútù mi kejì tó bẹ̀rẹ̀, bàbá awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí mo mẹ́nu kàn lókè, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ní kí n máa bá òun sáré ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní ẹ̀gbẹ́ canal de la Bruche. Ní ọjọ́ kìíní, ó ní: « Ṣàlàyé iṣẹ́ oyè rẹ fún mi. » Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ní èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tàbí mẹ́ta lè tẹ̀ léra láìsí ọ̀rọ̀-asopọ̀ láàárín wọn. Ìgbàkígbà tí mo bá dákẹ́ láti mí, bàbá náà á dín eré kù, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ó tó ọjọ́ Àìkú mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ni aago rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo gbólóhùn kan fún ara mi, mo sì máa ń fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀:

(1) Mo rẹja lọ́jà, mo gbé e wálé fún ìyá mi.

Gbólóhùn yìí ní sílébù 14 bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ìsọ̀rọ̀ wọ́rọ́wọ́. Tí a bá tú ìpajẹ inú rẹ̀ palẹ̀, « ra ẹja », « ní ọjà », « wá ilé », ó di 17. Àwa onímọ̀ èdè mọ̀ pé ìdánudúró ń dí ìpajẹ lọ́wọ́: fáwẹ́lì kò lè pa fáwẹ́lì mìíràn jẹ nígbà tí èémí bá wà láàárín wọn. Nítorí náà, ìpajẹ lè jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó ṣì ń sọ pé « lọ́jà » ní èémí lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń sọ pé « ní… ọjà » kò ní in mọ́.

Nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ìjá náà ní ìtẹ̀léra. Nígbà tí eré bá rọrùn, (1) ń jáde lódidi lórí èémí kan, mo sì lè fi gbólóhùn mìíràn lé e. Nígbà tí eré bá le díẹ̀, ó ń já sí ààlà àwọn ẹ̀hun ńlá:

(2) Mo rẹja lọ́jà | mo gbé e wálé | fún ìyá mi.

Kíyè sí i pé ìpajẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà. Etí ẹni tí kò fi ara balẹ̀ lè gbà pé kò sí nǹkan kan tí ó yí padà. Inú (2) yìí ni mo lo ìgbà òtútù mi kìíní, tí mo rò pé mo ń ṣe « doucement ». Nígbà tí eré bá wá le gidi, gbólóhùn ń já níbi tí gírámà kò fọwọ́ sí:

(3) Mo ra | ẹja | ní | ọjà | mo gbé e | wá | ilé…

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́, èmi fúnra mi, nítorí náà n kò pe èyí ní ìwádìí. Ṣùgbọ́n ó fún wa láǹfààní láti dárúkọ ìpele mẹ́ta náà ní Yorùbá láìya ọ̀rọ̀ àpèjúwe lò. Mo dábàá « eré ìtàkúrọ̀sọ » fún (1), « eré gbólóhùn kúkúrú » fún (2), àti « eré ẹyọ ọ̀rọ̀ » fún (3). Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó ṣe eré ìtàkúrọ̀sọ fún wákàtí kan kò nílò aago láti mọ ohun tí a wí.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbẹ̀. Kí a má lo oǹkà. « Ení, èjì, ẹ̀ta » ti wà ní ẹyọ-ẹyọ tẹ́lẹ̀, ènìyàn lè fi èémí hẹlẹhẹlẹ kà á dé ogún, kí ó sì tan ara rẹ̀ jẹ. Kí a má sì lo ìkíni. Ẹni tí ó kí eléré lójú ọ̀nà pé « Ẹ kú iṣẹ́ o », tí eléré sì dáhùn pé « O o », kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa èémí rẹ̀.

7. Ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kìíní

Àpẹẹrẹ ọ̀sẹ̀ wákàtí mẹ́fà nìyí, irú èyí tí mo ń tẹ̀ lé nísinsìnyí:

Ọjọ́ Ajé: ìsinmi.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìlúwẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú 45, àtúnṣe ọwọ́ àti èémí.
Ọjọ́rú: eré ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú 45, eré ìtàkúrọ̀sọ.
Ọjọ́bọ̀: kẹ̀kẹ́ inú ilé, ìṣẹ́jú 50. Ìmúra ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà eré ẹyọ ọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 3 àti ìrọ̀rùn fún ìṣẹ́jú 3, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìparí ìṣẹ́jú 5.
Ọjọ́ Ẹtì: fífún ara lókun, ìṣẹ́jú 30.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: kẹ̀kẹ́ níta, wákàtí 2, eré ìtàkúrọ̀sọ.
Ọjọ́ Àìkú: eré ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú 70, eré ìtàkúrọ̀sọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni eré le nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí eré gbólóhùn kúkúrú rárá. Àwọn ọjọ́ tí ó sún mọ́ ìdíje ni yóò padà wá, nítorí inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìdíje fúnra rẹ̀ ń wáyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi kún wákàtí wọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ara lè gbà á.

Òtútù ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá dì lójú títì, inú ilé ni kẹ̀kẹ́ ń dúró, lórí irin tí àwọn Faransé ń pè ní « home-trainer ». Kò sí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ síni lára nínú yàrá, ara ń gbóná, ọkàn sì ń lù jù fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ níwájú ẹni kì í ṣe fàájì níbẹ̀. Níta, kí ìmúra gùn sí i, kí aṣọ bo ọrùn, kí iná sì wà lára ẹni nínú òkùnkùn. Ọjọ́ tí ibà bá wà lára, kí eléré sùn.

8. Ààlà òṣùwọ̀n yìí, àti ọ̀rọ̀ « hiver »

Òṣùwọ̀n ẹnu kò ṣe é lò nínú omi, nítorí ojú ń wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí n sọ gbólóhùn (1) lẹ́yìn tí mo bá di etí adágún mú fún ìwọ̀n èémí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí kò bá jáde lódidi, mo ti yára jù. Ẹni tí ó ní àrùn ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ gbára lé e nìkan, nítorí òtútù fúnra rẹ̀ lè já gbólóhùn rẹ̀. Ẹni tí ó ń dá sáré náà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn pé àwọn ènìyàn yóò máa wo òun bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan àwọn tí ń túmọ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan túmọ̀ « hiver » sí « ọyẹ́ ». Ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ eléruku láti aṣálẹ̀: òru ń tutù, ọ̀sán sì ń gbóná. Kì í dí ojú ọ̀nà pẹ̀lú yìnyín, kì í sì í sọ ọ̀sán di wákàtí mẹ́jọ. « Ìgbà òtútù » sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìgbáradì, « hiver » ń ṣiṣẹ́ mìíràn, ó ń sọ pé ìdíje ṣì jìnnà. Ẹni tí ó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó rí ìwé ìgbáradì Faransé tí ó sì fẹ́ tẹ̀ lé e, kí ó má wo oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ó mú ọjọ́ ìdíje tirẹ̀, kí ó ka oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà sẹ́yìn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ inú òjò.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìgbà òtútù eléré tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ìsinmi, iṣẹ́ ìpìlẹ̀, ìfúnlókun àti àtúnṣe ìlúwẹ̀ẹ́. A rí i pé iṣẹ́ ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ rọrùn nítorí pé egungun àti iṣan líle ń lọ́ra ju èémí lọ, àti pé ẹnu lè sọ fún wa bí ó bá rọrùn. Ohun tí ó kù jẹ́ iṣẹ́ wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá bá gun kẹ̀kẹ́ inú ilé pẹ̀lú fóònù níwájú wọn, tí wọ́n sì sọ gbólóhùn kan náà ní ìpele mẹ́ta, a ó mọ̀ bóyá ìtẹ̀léra (1) sí (3) kì í ṣe tèmi nìkan, àti bóyá gbólóhùn ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ ń pẹ́ kí ó tó já ju gbólóhùn oní-ọ̀rọ̀-asopọ̀ lọ.

Ní ti bàbá awakọ̀, ní oṣù kẹta ọdún kejì náà, mo ṣàlàyé orí kìíní iṣẹ́ oyè mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìdákẹ́ láti mí. Gìgísẹ̀ mi kò dùn mí. Ó ní òun kò lóye orí náà dáadáa, ṣùgbọ́n pé eré náà dára.